Orí Kẹfà: Ilé Tí Ojú Rí, Ilé Tí Ara Ń Gbé

Ká ní o ti wọ ọdún kejì ní Yunifásítì Ìbàdàn, o ò sì rí àyè nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ilé ìta ló kù. Ejẹ́ǹtì mú ọ lọ wo méjì. Èyí àkọ́kọ́ wà ní Agbowó, lódìkejì títì tó dojú kọ gẹ́ètì ńlá Yunifásítì: self-contain kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, ọ̀dà ti ń ṣí lára ògiri, sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀, lúfà ni fèrèsé, abẹ́ páànù gan-an ni yàrá náà sì wà. Èkejì wà ní Àpẹ́tẹ̀, lódìkejì odò Ọ̀nà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ìbàdàn pọ̀ sí. Self-contain ni òun náà, àmọ́ tuntun ni, òórùn ọ̀dà ṣì wà níbẹ̀. Táìsì ń dán, POP ni àjà, fèrèsé onígíláàsì tí wọ́n ń fà sọ́tùn-ún sósì, gẹ́ètì dúdú, kànga nínú ọgbà. Owó ọdún kan níbẹ̀ sì dín sí ti Agbowó. Ejẹ́ǹtì ní kí o tètè sọ̀rọ̀, pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá sanwó.

Àpẹ́tẹ̀ ni ojú á mú. Mi ò bá ojú jà, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ ni pé ojú kọ́ ni yóò gbé ilé náà. Etí rẹ ni yóò gbé e lóru, ẹ̀dọ̀fóró rẹ ni yóò máa mí níbẹ̀, ìfun rẹ ni yóò gba omi kànga, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò máa ti ibẹ̀ dé kíláàsì. Lọ́jọ́ tí a bá lọ wo ilé, àwọn wọ̀nyí kì í rí àyè sọ̀rọ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí lára akẹ́kọ̀ọ́ gan-an. Ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń parí ọdún àkọ́kọ́, ìbò ni wọ́n fi ń pín wọn sí àwọn ilé tí wọn yóò máa gbé títí wọn yóò fi jáde. Àwọn kan nínú ilé wọ̀nyí lókìkí, gbogbo èèyàn ló ń tọrọ wọn; àwọn mìíràn, àdúrà kí wọ́n má gbé àwọn síbẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Elizabeth Dunn, Timothy Wilson àti Daniel Gilbert bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè, kí wọ́n tó kó lọ, bí inú wọn yóò ṣe dùn tó ní ilé kọ̀ọ̀kan. Èsì wọn jìnnà síra gan-an: ayọ̀ ńlá ní ilé tí wọ́n fẹ́, ìbànújẹ́ ní èyí tí wọn kò fẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn olùwádìí padà lọ bi wọ́n. Inú àwọn tó bọ́ sí ilé olókìkí àti àwọn tó bọ́ sí èyí tí kò wu ẹnikẹ́ni dùn bákan náà. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 2003, ohun tí wọ́n sì rí fà yọ ni pé bí ilé ṣe rí àti ibi tó wà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìrètí wọn lé, wọ́n sì fojú kéré àwọn èèyàn tí wọn yóò jọ máa gbé.

Ṣáájú èyí, ní 1998, David Schkade àti Daniel Kahneman ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní California, níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa, àti àwọn tó wà ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù ti ń mú èèyàn wọ eegun, bí ìgbé ayé wọn ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn tó. Ọgbọọgba ni wọ́n jọ wà. Síbẹ̀, tọ̀tún-tòsì wọn ló gbà pé ará California ni inú rẹ̀ yóò dùn jù. Bí èèyàn bá gbé nǹkan méjì kalẹ̀ láti fi wéra, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ọkàn máa ń lẹ̀ mọ́, á sì sọ ìyàtọ̀ yẹn di òkè. Táìsì yàtọ̀ sí sìmẹ́ǹtì, nítorí náà táìsì á gba gbogbo àyè tó yẹ kí o fi ro oorun, omi àti aládùúgbò. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn oṣù méjì, o ò tún ní rí táìsì yẹn mọ́.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò yìí, ẹ jẹ́ ká dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí òun ni àwọn òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ kì í bi ejẹ́ǹtì. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ilé ẹ̀kọ́ MIT kọ́ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbéyàwó, wọ́n sì ń kó wọn síbẹ̀ bí àyè bá ṣe ṣí sílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yan ẹni tí yóò bá gbé. Leon Festinger, Stanley Schachter àti Kurt Back lọ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n ń bá ṣe ọ̀rẹ́. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1950, wọ́n ní nínú àwọn tí ilẹ̀kùn wọn tẹ̀ lé ara wọn, ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ló dárúkọ ara wọn. Nígbà tó fi máa di ilẹ̀kùn kẹrin sí tirẹ, lórí ilẹ̀ kan náà, ó ti já sí 10. Ẹni tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn mọ àwọn ará òkè ju bí àwọn ará ìsàlẹ̀ yòókù ṣe mọ̀ wọ́n lọ, kìkì nítorí pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá.

Ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, ẹnu kànga àti ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn. Àwọn tó wà ní yàrá tó fara kan tirẹ ni yóò di ọ̀rẹ́ rẹ, bóyá o yàn wọ́n tàbí o ò yàn wọ́n. Bí wọ́n bá ń kàwé, ìwọ náà á kàwé. Bí ó bá jẹ́ pé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo alẹ́, kò ní pẹ́ tí ìwọ náà yóò fi mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tí o kò gbọ́ rí. Bí ibà bá sì kì ọ́ mọ́lẹ̀ láago méjì òru, bàbá rẹ ní Ìkìrun kọ́ ni yóò gbé ọ lọ sí Jájà, ilé ìwòsàn inú ọgbà Yunifásítì. Ẹni tó wà ní yàrá kejì ni. Nítorí náà, mo ka à sí ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí èèyàn wádìí: ta ló wà lápá ọ̀tún, ta ló wà lápá òsì?

Ó kan oorun. Agbowó ní ẹ̀sùn tirẹ̀, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn takisí máíkírà ń fun fèrè lójú títì Ọ̀yọ́ láti ìdájí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìjọsìn ń dún, àwọn tó ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tòkópì ń tan jẹnẹrétọ̀ bí iná bá ti lọ. Ní 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ariwo tí kò dáwọ́ dúró nínú yàrá ìsùn má ju decibel 30 lọ. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì jókòó tí wọ́n ń bá ara wọn sọ tó nǹkan bíi 60. Ìyẹn lè dà bí ìlọ́po méjì, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí decibel bá fi 10 lé, agbára ìró náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà láti 30 dé 60 jẹ́ ìlọ́po 1,000. Jẹnẹrétọ̀ tó sì wà lábẹ́ fèrèsé ń pariwo ju èèyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀ lọ.

Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ á ní ó ti mọ́ àwọn lára. Lóòótọ́, wọn kì í jí mọ́. Ṣùgbọ́n etí kì í sùn. Bí ariwo bá wọlé lóru, ọkàn tó wà láyà á yára lù, oorun tó jinlẹ̀ á sì fúyẹ́, kódà bí ẹni náà kò bá lajú. Oorun tó jinlẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí o kà lọ́sàn-án kọ́kọ́ ń wà ní apá kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus, ibi tí kì í gba nǹkan púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nínú oorun, pàápàá èyí tó jinlẹ̀ tí ó máa ń pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òru, ọpọlọ á tún ohun tí o kọ́ ṣe yẹ̀wò, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ síbi tí yóò ti wà pẹ́. Ẹni tó kàwé títí di aago mọ́kànlá, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń fọ́ oorun rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ láti aago méjìlá, ń pàdánù nínú ohun tó fi gbogbo ọjọ́ kó jọ. Wákàtí méje sí mẹ́sàn-án ni wọ́n dámọ̀ràn fún ẹni ọdún 18 sí 25.

Ooru náà ń ja oorun lólè. Kí èèyàn tó lè sùn dáadáa, ìgbóná inú ara gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, abẹ́ páànù tó ti gba oòrùn láti àárọ̀ kì í sì í tètè jẹ́ kí ó lọ sílẹ̀. Bí yàrá Agbowó yẹn bá ní fèrèsé kan ṣoṣo, oṣù kẹta ọdún á le níbẹ̀. Bí ó bá ní méjì tó dojú kọra, tí afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀kan wọlé tó ń gba èkejì jáde, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Níbi tí fèrèsé ti wọ ọ̀rọ̀, ilé àtijọ́ gba máàkì lọ́wọ́ ilé tuntun. Lúfà, bí o bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ ló ṣí. Fèrèsé tí wọ́n ń fà, bí o bá fa apá kan, orí apá kejì ló ń lọ, nítorí náà kò lè ṣí ju ìdajì lọ. Ní ìlú Lima ní Peru, àwọn olùwádìí wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń pààrọ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2007: àwọn yàrá ilé ìwòsàn àtijọ́ tí àjà wọn ga, tí fèrèsé wọn tóbi, ń lé afẹ́fẹ́ tó lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ jáde ju àwọn yàrá ìgbàlódé tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lọ. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ikọ́ ẹ̀gbẹ pọ̀ sí jù lágbàáyé, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta nínú yàrá kan sì ń mí afẹ́fẹ́ kan náà ní gbogbo òru. Wo nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé náà, nítorí òru ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ń jẹun.

Jẹnẹrétọ̀ ní ewu kan tó ju ariwo lọ. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide, afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, haemoglobin ló ń gbé atẹ́gùn oxygen káàkiri ara, ṣùgbọ́n ó ń di carbon monoxide mú ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bó ṣe ń di oxygen mú. Ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa ṣàn, kò sì ní gbé oxygen dé ọpọlọ. Orí á fọ́ ẹni náà, òòyì á kọ́ ọ, èébì á máa gbé e. Bí ó bá ti sùn, ó lè má mọ nǹkan kan títí ẹ̀mí fi máa bọ́. Ó kéré tán, mítà mẹ́fà ni ó yẹ kí ó wà láàárín jẹnẹrétọ̀ àti fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn èyíkéyìí. Bí wọ́n bá ń tan án ní kọ́rídọ̀, ní bákónì tàbí lábẹ́ àtẹ̀gùn, má gba ilé náà. Lórí èyí, n kò ní gbọ́ àwáwí, ìbáà jẹ́ Agbowó, ìbáà jẹ́ Àpẹ́tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Àpẹ́tẹ̀, ká ṣí kànga wò. Pọ́lọ́ọ̀tì ilẹ̀ tó wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Ẹsẹ̀ bàtà 100 yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 30 lọ. Mítà 30 náà sì ni àlàfo tí àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó ní ó yẹ kó wà, ó kéré tán, láàárín kànga àti ihò ìgbẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí kànga bá wà ní ìgun kan pọ́lọ́ọ̀tì, tí sọ́kàwéè sì wà ní òpin kejì, agbára káká ni wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tí o bá sì fi sọ́kàwéè ilé tó wà lẹ́yìn kún un, àlàfo náà ti tán. Omi kànga tí ti sọ́kàwéè ti wọnú rẹ̀ lè mọ́ gaara lójú, kí kòkòrò tífọ́ìdì tàbí onígbáméjì sì wà nínú rẹ̀. Gbé ẹsẹ̀ rẹ, ka ìṣísẹ̀ láti kànga dé sọ́kàwéè, béèrè ibi tí ti aládùúgbò wà.

Kòkòrò rọrùn láti ṣẹ́gun: omi tó bá hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan ti pa wọ́n. Ohun tí híhó kò lè mú kúrò ni mo bẹ̀rù jù. Awótán, ọ̀kan nínú àwọn ààtàn ńlá tí wọ́n ń da ìdọ̀tí Ìbàdàn sí, wà ní agbègbè Àpẹ́tẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí ààtàn, omi á gba àárín bátìrì, ike àti irin tó ti dógùn-ún kọjá, á sì wọlẹ̀ pẹ̀lú ohun tó bá fọ̀ kúrò lára wọn. Irú omi bẹ́ẹ̀ lè gbé òjé wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́. Bí o bá se omi tó ní òjé, omi ló ń dín kù, òjé kò dín, nítorí náà ìyókù á tún ní òjé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àpẹ́tẹ̀ gbòòrò, kì í ṣe gbogbo kànga ibẹ̀ ló sún mọ́ ààtàn. Béèrè bí ilé yẹn ṣe jìnnà sí Awótán tó. Bí ó bá sún mọ́ ọn, fi omi kànga wẹ̀, fi fọ aṣọ, má ṣe mu ún, má sì fi dáná, kí o sì fi owó omi mímu kún owó ilé nígbà tí o bá ń ṣírò.

Omi míì tún wà, èyí tó ń wá fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò rọ̀ ní Ìbàdàn, àwọn odò kún bo bèbè wọn, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú. Omi gbé afárá Àpẹ́tẹ̀ lọ, àdúgbò náà sì já kúrò lára ìlú. Inú ọgbà Yunifásítì pàápàá kò bọ́ níbẹ̀. Àwọn àgbà ìlú tí ojú wọn ti rí omíyalé Ògùnpa ní 1980 mọ̀ pé odò kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ilé tuntun kò tíì rí irú ọdún bẹ́ẹ̀, ọ̀dà tuntun sì ń bo àmì omi lára ògiri, nítorí náà ògiri àwọn ilé àtijọ́ tó yí i ká ni kí o wò. Bí ìlà pupa bá wà lára wọn ní ìwọ̀n orúnkún tàbí ìdí, omi ti débẹ̀ rí.

Ọ̀nà ló kù, kò sì gùn láti sọ. Láti Agbowó, ẹsẹ̀ lásán á gbé ọ dé gẹ́ètì. Láti Àpẹ́tẹ̀, wàá kọjá afárá, wàá dé Ìjòkòdó, wàá gba Sáńgo kí o tó kan Yunifásítì, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ sì wà níbẹ̀ láràárọ̀. Ká ní lílọ gbà ọ́ ní wákàtí kan, tí ti Agbowó gba ìṣẹ́jú 15: ìyàtọ̀ rẹ̀ ní lílọ àti bíbọ̀ jẹ́ wákàtí kan ààbọ̀ lójúmọ́, wákàtí méje ààbọ̀ lọ́sẹ̀, nínú ọ̀sẹ̀ 13 ẹ̀kọ́, ó ti lé ní wákàtí 90. Nígbà tí Kahneman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ 909 ní Texas ròyìn ọjọ́ wọn ní 2004, ìrìn àjò àárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ohun tí wọ́n gbádùn. Ọ̀kadà á yá ju máíkírà lọ, ṣùgbọ́n jàǹbá ọkọ̀ ló ń pa àwọn ẹni ọdún 5 sí 29 jù lágbàáyé. Tún ṣírò owó ọkọ̀ gbogbo ọdún ẹ̀kọ́, kí o fi kún owó Àpẹ́tẹ̀, kí o tó pè é ní ilé tó dínwó.

Bí wọ́n bá bi mí, bí yàrá Agbowó yẹn bá wà lẹ́yìn ilé, tí fèrèsé méjì dojú kọra níbẹ̀, tí wọn kì í sì í tan jẹnẹrétọ̀ sí ìtòsí rẹ̀, òun ni n ó mú pẹ̀lú ọ̀dà tó ń ṣí. N ó ra ọ̀dà gálọ́ọ̀nù kan, n ó fi kùn ún. Bí ó bá wà lójú títì, tàbí jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, n ó lọ sí Àpẹ́tẹ̀, bí ilé ibẹ̀ bá jìnnà sí odò àti sí ààtàn, n ó sì máa ra omi mímu. Bí àwọn méjèèjì bá kùnà, n ó bẹ ọ̀rẹ́ kí n fara pamọ́ sí yàrá rẹ̀ fún oṣù kan, kí n fi wá ẹ̀kẹta.

Jọ̀wọ́, má sanwó lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ rí ilé, bó ti wù kí ejẹ́ǹtì kánjú tó. Padà lọ láago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tí kò sí iná, mú òbí tàbí ọ̀rẹ́ kan dání, kí ẹ dúró nínú yàrá náà láìsọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Padà lọ lẹ́yìn òjò ńlá. Kí o sì wá ẹni tó ń kó jáde nínú ilé yẹn, kí o bi í léèrè ohun tó ń lé e lọ, nítorí òun kò ní gba kọmíṣọ̀nnù kankan lọ́wọ́ rẹ.